Ẹja mi bímọ, bàbá wọn wọnú ọbẹ̀

Lálẹ́ Ọjọ́bọ, mo gún abo ẹja àrọ̀ kan lábẹ́rẹ́ tó ń mú kí ẹyin inú rẹ̀ gbó. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo rọra tẹ ikùn rẹ̀, ẹyin sì ń ya sínú abọ́ bí ọkà bàbà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Akọ ló ṣe mí láàánú. Àtọ̀ tirẹ̀ kì í jáde béèyàn bá tẹ̀ ẹ́, àfi ká pa á, ká la inú rẹ̀. Ìyàwó mi fi í se ọbẹ̀ ata.

Mo da àtọ̀ mọ́ ẹyin, mo bu omi díẹ̀ sí i, ó parí. Kò tó ọjọ́ méjì tí àwọn ẹyin náà fi ń di ọmọ. Ẹ má retí ìyá tó máa ṣọ́ wọn o. Bí mo bá dà wọ́n sọ́dọ̀ àwọn àgbà ẹja, oúnjẹ dé nìyẹn.

Ọ̀pọ̀lọ́ ẹ̀yìnkùlé náà ò jìnnà sí i: akọ á gun abo lẹ́yìn nínú omi, bí abo ṣe ń yé e ni akọ ń da àtọ̀ lé e. Aláǹgbá ní tirẹ̀ á gbẹ́ ilẹ̀, á yé e sí i, á bò ó, ó di gbére. Ooru ilẹ̀ ló ń bá a sàba.

Ṣùgbọ́n adìyẹ mi! Ẹyin 9 péré, ọjọ́ 21 lórí ìtẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ku eegun. Ewúrẹ́ gbé tirẹ̀ sínú fún oṣù 5, ó bí méjì, ó tún ń fún wọn lọ́mú.

Èmi ṣì wà nídìí ọpọ́n, mò ń fa àwọn ẹyin tó ti funfun jáde kí wọ́n má ba omi jẹ́.