Ọjọ́ Kẹta Tí Mo Ti Pa Ẹnu Mọ́

Sátidé, 28 oṣù Kejì 2026

Òní ló pé ọjọ́ mẹ́ta tí dókítà ti ní kí n pa ẹnu mi dé. Mi ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, mi ò gbọdọ̀ kọrin, mi ò gbọdọ̀ sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pàápàá, nítorí ó ní wúyẹ́wúyẹ́ lè ni iṣan ohùn lára ju ọ̀rọ̀ gidi lọ. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Pátákó funfun kékeré tí àwọn ọmọ fi ń ṣe ìṣirò nígbà tí wọ́n wà ní pámárì ni mo fi ń gbélé báyìí. Bàbá Tósìn ń gbádùn ara wọn. Wọ́n á dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣíìnì, wọ́n á ní, "Ìyá Tósìn, ṣé ìrẹsì la máa jẹ lónìí àbí kí n lọ ra pizza?" Kí n tó kọ "ìrẹsì" tán, wọ́n ti wọ mọ́tò.

Mo mọ ibi tí mo ti ṣẹ̀. Kì í ṣe òtútù Maryland nílẹ̀ Amẹ́ríkà níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni gbogbo ìjọ ń dá lẹ́bi. Ọjọ́ Ìsinmi kan báyìí ni makirofóònù àwa akọrin kú, onílù kò sì dẹwọ́, ni mo bá ń fi súpíránò mi, ohùn obìnrin tó ga jù, bá ìlù jà. Lánàá ọjọ́ náà, mo ti kọ́ èèyàn mẹ́rin lórin, mo sì kọrin ju àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ. Àléébù mi nìyẹn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣì í, dípò kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀fun rẹ̀ fún un, màá lanu kọ ọ́ kó lè gbọ́ bó ṣe yẹ kó rí.

Ìyá mi pè láti Ìjẹ̀bú-Òde láàárọ̀. A ti ṣàdéhùn: bí mo bá lu fóònù lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni; lẹ́ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ kọ́. Orógbó ni wọ́n ní kí n máa jẹ. Orógbó náà ni wọ́n ní kí n jẹ ní 1996, nígbà tí mo fẹ́ dá orin kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àjíǹde, tí ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. "Ṣé ò ń jẹ ẹ́?" Mo lu ú lẹ́ẹ̀kan. Irọ́ ni. Èyí tí mo rà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa ní Lanham ti gbẹ bí òkúta, eyín sì wọ́n-ọn tún ṣe ju ọ̀fun lọ ní Amẹ́ríkà.

Ní aago mọ́kànlá, ọmọ tí mo ń kọ́ lórin lọ́jọ́ Sátidé dé. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí ó máa ń ka ohun tí mo bá kọ síbí. Ọmọ ọdún 23 ni, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́ òru, láti ibẹ̀ ló sì máa ń wá tààrà, ojú rẹ̀ á pọ́n, á ti mu kọfí yó. Baritone ni ohùn rẹ̀, ohùn ọkùnrin tó wà láàárín tẹ́nọ̀ àti báàsì. Ìjọ kì í mọ ibi tí wọ́n á fi irú wọn sí. Wọ́n fi tiwa sáàárín àwọn tẹ́nọ̀ nítorí pé tẹ́nọ̀ ò tó, bí ẹni tó wọ bàtà ẹlòmíì lọ sóko.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló bi mí pé, "Àǹtí, ẹ má bínú o, ta ló ti fi irú ohùn tèmi yìí jẹun rí?" Mo ní ó di Sátidé, màá sọ fún un. Ohùn mi wá lọ. Ni mo bá jókòó lálẹ́ àná, mo kọ ojú ìwé mẹ́ta, mo sì kó o lé e lọ́wọ́ bó ṣe ń bọ́ bàtà.

Todd Duncan ni mo kọ nípa rẹ̀, akọrin aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà tí ohùn tirẹ̀ náà jẹ́ baritone. Òní gan-an ló pé ọdún 28 tó kú ní Washington, kò jìnnà sílé wa rárá, ẹni ọdún 95. Danville ní Kentucky ni wọ́n bí i sí ní 1903, olùkọ́ orin sì ni ìyá rẹ̀. Ó kàwé ní yunifásítì Butler ní Indianapolis, ó gboyè kejì ní yunifásítì Columbia ní New York, nígbà tó sì fi máa pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ Howard, yunifásítì àwọn aláwọ̀ dúdú ní Washington, bí wọ́n ṣe ń lo ohùn. Mo fa ìlà sábẹ́ ìyẹn. Olùkọ́ ni kí ayé tó mọ̀ ọ́n.

Ó ní ohun tó fa ìlà yẹn. Níbi ìsọmọlórúkọ kan lóṣù tó kọjá, obìnrin kan tí a jọ kọrin nígbà kan rí bi mí pé, "Ṣé ẹ ò wá kọrin mọ́ ni, tó fi jẹ́ pé ọmọ lẹ̀ ń kọ́?" Bí ẹni pé ẹni tí orin bá lé lọ ló ń di olùkọ́. Mo rẹ́rìn-ín, mo jẹ mọ́ínmọ́ín mi. Ó ṣì ń dùn mí.

Ní 1934, ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú kan ṣe Cavalleria Rusticana, ọ́pẹ́rà (eré ìtàgé tí wọ́n ń fi orin ṣe) tí Mascagni ará Italy kọ, ní New York, Duncan sì kópa Alfio nínú rẹ̀. Ní àkókò yẹn, George Gershwin, gbajúgbajà tó ń ṣàkójọ orin ní Amẹ́ríkà, ń wá ẹni tó máa ṣe Porgy nínú ọ́pẹ́rà tuntun tó ń kọ, Porgy and Bess. Olin Downes, tó ń ṣe lámèyítọ́ orin nínú New York Times, ló dárúkọ olùkọ́ Howard yìí fún un. Ẹlòmíì á ti fò sókè. Duncan kò fò. Lójú tirẹ̀, orin ijó àti orin tíátà lásán ni iṣẹ́ Gershwin, òun sì rèé, olùkọ́ tó ń fi orin Schubert àti Brahms, àwọn àgbà olórin Yúróòpù, jí. Ó lọ ṣá. Kò mú ẹni tó máa bá a tẹ dùùrù dání, ni Gershwin fúnra rẹ̀ bá jókòó sídìí rẹ̀. Duncan na orin Italy kan tó ti pẹ́ sílẹ̀, Lungi dal caro bene. Kò tíì kọ ọ́ jìnnà tí Gershwin fi dá a dúró, tó ní ṣé ó máa bá òun ṣe Porgy. Duncan ní àfi kí òun kọ́kọ́ gbọ́ orin náà ná.

Ọmọ náà dákẹ́ níbẹ̀, ó gbójú sókè. "Àǹtí, ó sọ bẹ́ẹ̀ fún Gershwin?"

Mo lu dùùrù lẹ́ẹ̀kan.

Ibi tó kàn ni mo fẹ́ràn jù. Duncan àti ìyàwó rẹ̀ pa dà wá gbọ́ iṣẹ́ náà, Gershwin àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Ira sì jókòó sídìí dùùrù, wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, tọkùnrin tobìnrin inú rẹ̀, pẹ̀lú ohùn tí Duncan fẹnu ara rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé kò dára rárá. Kí wọ́n tó kọ ọ́ tán, ọkàn rẹ̀ ti lọ. Ẹ rò ó wò: ohùn burúkú méjì ló fa olóhùn iyọ̀ wọlé. Wọ́n ṣí eré náà ní Boston lóṣù Kẹsàn-án 1935, wọ́n gbé e dé New York lóṣù Kẹwàá. Ìgbà 124 ni wọ́n ṣe é níbẹ̀.

Arọ ni Porgy nínú ìtàn náà, kẹ̀kẹ́ tí ewúrẹ́ ń fà ló fi ń rìn. Orí eékún ni ẹni tó bá ń ṣe é máa ń wà fún ohun tó lé ní wákàtí méjì, á sì máa kọrin lọ. Bí èèyàn bá dúró, ìhà àti ìsàlẹ̀ ikùn ráyè fẹ̀ láti gba èémí. Bó bá kúnlẹ̀, ẹ̀yìn á tẹ̀, èémí á sá wá sókè àyà, ọrùn á sì gan. Ìwé ò lè fi ìyẹn yé èèyàn, ni mo bá nawọ́ sí kápẹ́ẹ̀tì. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó tẹrí ba, ó di ojú. Ó ń retí àdúrà. Ìgbà tó gbọ́ ohùn dùùrù ló lajú.

Mo kọ ọ́ sí pátákó pé kó gbé ọwọ́ ara rẹ̀ sí ìhà, kó mí kí ọwọ́ náà fi ṣí. Ó gbìyànjú rẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹfà. Ní ìkeje, ọwọ́ ṣí. Ó ní òun ò mọ̀ pé ẹ̀yìn náà ń mí.

A wá kọjá sí Lungi dal caro bene, nítorí òun náà ló wà lórí ìdúró ìwé wa láti oṣù Kọkànlá. Ó lérò pé mo kàn fi í sílẹ̀ nínú ìtàn láti dùn mọ́ òun nínú ni, ó lọ wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó gbà mí gbọ́. Fún àwọn tó máa ń bi mí ohun tí Yorùbá fẹ́ fi orin Italy ṣe: fáwẹ̀lì méje ni wọ́n ní, méje náà la ní tí a bá yọ àwọn àránmúpè kúrò, ọ̀kan náà sì ni wọ́n. A, e, ẹ, i, o, ọ, u. Àwọn ọmọ tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan máa ń jìyà fún ọdún méjì kí wọ́n tó lè ya e àti ẹ sọ́tọ̀. Èmi a kàn fi àmì sábẹ́ rẹ̀: *káro bẹ́ne*. Ó parí.

Ìṣòro tó wà ni pé ohùn rẹ̀ máa ń tín-ín-rín bó bá ti ń gòkè. Mo ti ṣàlàyé, mo ti ya ọ̀fun sórí pépà, mo ti kọ ọ́ lórin fún un ní àìmọye ìgbà. Lónìí mi ò lè kọrin kankan. Mo tẹ ohùn àkọ́kọ́ lórí dùùrù, mo ń wò ó. Ó ń dúró dè mí. Mo tún tẹ ẹ́. Ó yé e wàyí pé kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Ó mí, ó lanu, ohùn kan tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí sì jáde. Ó rinlẹ̀, ó fẹ̀, ó gòkè láìdín. Àwa méjèèjì wo ara wa.

Èmi ló ti ń sín jẹ láti ọjọ́ yìí. Ọmọkùnrin tó ní ohùn ọkùnrin ń wá súpíránò obìnrin ẹni ọdún 51 kiri nínú ọ̀fun ara rẹ̀, nítorí òun ni olùkọ́ ń fi hàn án. Oṣù mẹ́rin. Mi ò fẹ́ rò ó pé àwọn mélòó ni mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún kó tó kàn án.

Lẹ́yìn tó lọ, mo ń ro ti Duncan nídìí abọ́ ọbẹ̀. Ní 1945, ẹgbẹ́ ọ́pẹ́rà New York City Opera mú un láti kópa Tonio nínú Pagliacci ti Leoncavallo láàárín àwọn akọrin funfun, ọdún mẹ́wàá kí wọ́n tó jẹ́ kí Marian Anderson, akọrin obìnrin aláwọ̀ dúdú, wọ Metropolitan Opera, gbajúgbajà ilé ọ́pẹ́rà ní New York. Tonio ló máa ń dá jáde síwájú aṣọ ìtàgé, kí eré tó bẹ̀rẹ̀, láti bá àwọn òǹwòran sọ̀rọ̀, nítorí náà òun ni wọ́n kọ́kọ́ rí nínú eré náà. Ọdún yẹn ló fi Howard sílẹ̀, tó ń kọrin káàkiri ayé. (Òun náà ló kọ́kọ́ kọ "Unchained Melody", nínú fíìmù ẹlẹ́wọ̀n kan ní 1955. Bàbá Tósìn kò gbà, wọ́n ní orin ìgbéyàwó wa kò lè ti ẹ̀wọ̀n wá.) Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, ó pa dà sídìí iṣẹ́ tó bá a dàgbà. Ó ń kọ́ àwọn èèyàn lórin ní Washington títí ó fi lé ní 90 ọdún. Ohùn ẹni 90 ọdún kì í ṣe ohun tí ọmọ ogún ọdún lè sín jẹ. Mo rò pé etí ni bàbá náà fi ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, ó sì ṣeé ṣe kí ìyẹn ti yá àwọn tó gbà á lẹ́yìn ju àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ.

Ojú ìwé kẹta ni ọmọ náà gbé lọ, kò tíì kà á. Ọ̀rọ̀ National Theatre ló wà níbẹ̀, tó wà ní Pennsylvania Avenue títí dòní. Ní oṣù Kẹta 1936, Porgy and Bess dé ibẹ̀, ilé náà kì í sì í jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú jókòó wòran. Ẹ wò ó: olùkọ́ Howard ni Duncan, ìlú tó ń gbé nìyẹn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ lójoojúmọ́ kò sì lè ra tíkẹ́ẹ̀tì láti gbọ́ ọ. Òun àti Anne Brown, tó ń ṣe Bess, ní àwọn ò ní kọrin. Àwọn alábòójútó ilé náà ní kí aláwọ̀ dúdú máa wá lọ́sàn-án nìkan. Ó kọ̀. Wọ́n ní kí wọ́n máa jókòó sí òkè lọ́hùn-ún. Ó kọ̀. Wọ́n ṣí gbogbo ìjókòó sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn níkẹyìn, eré náà lọ, wọ́n sì tún tì í pa dà mọ́ aláwọ̀ dúdú. Ní 1948, wọ́n yàn láti sọ ilé náà di sinimá ju kí wọ́n jẹ́ kí dúdú àti funfun jọ wo eré ìtàgé lọ, ó di 1952 kó tó ṣí pa dà fún gbogbo èèyàn.

Aago méje ku díẹ̀ ni àwòrán wọlé sórí fóònù mi. Òun nìyẹn níwájú ilé náà, fìlà dé e dé ojú, ojú ìwé kẹta lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti ya ibẹ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Àǹtí, mo ti dé ibẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì wọn wọ́n o! Ẹ dákun, ẹ má tètè gba ohùn yín pa dà, ó kéré tán kó di Sátidé tó ń bọ̀."

Bí ìyá mi bá rí i, wọ́n á ní èpè ni. Mo gbé e fún Bàbá Tósìn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú wọn, wọ́n ní àwọn náà fọwọ́ sí i. Wọ́n sì ti ń na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Mo yára fa pátákó mi, mo kọ ọ́ gàdàgbà: ÌRẸSÌ.