Fífà, Wíwọ́ àti “Tóò”

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọkọ̀ mi takú lójú ọ̀nà márosẹ̀ tó ti Ṣàgámù lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Awakọ̀ kan tí kò mọ̀ mí rí dúró, ó mú okùn jáde nínú búùtù rẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n fà yín délé.” Nígbà tí mo wọlé, mo sọ fún ìyá mi pé wọ́n tóò ọkọ̀ mi wá ni. Màmá káwọ́ lérí: “Kí lo ṣe fún wọn? Èló ni wọ́n ní kí o san?”

Ìbéèrè yẹn ló mú mi ronú sí ọ̀rọ̀ “tóò” tí mo lò, èyí tí a yá láti ara “tow” ti Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá kò ṣàìní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. A ní “fà”, a sì ní “wọ́”, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ohun kan náà: ẹni tí a fà lọ́wọ́ lè máa rẹ́rìn-ín bọ̀, àmọ́ ẹni tí a wọ́ nílẹ̀ tuuru kò fẹ́ lọ, ìdí nìyí tí a fi ń wọ́ ènìyàn lọ sí kóòtù.

“Tow” ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan nínú ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ó ti wà nínú èdè wọn láti ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún, nígbà tí wọ́n ń pè é ní “togian”, tó túmọ̀ sí kí a fa nǹkan. Ọmọ ìyá kan náà ni òun àti “tug”, ó sì bá “ziehen” ti àwọn ará Jámánì tan. Orí omi ló ti ṣiṣẹ́ pẹ́ jù. Ẹṣin a máa rìn létí odò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́, a sì máa fi okùn fa ọkọ̀ ẹrù tó wà lórí omi. Ní ọdún 1803, ní Scotland, ọkọ̀ kan tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Charlotte Dundas, fa ọkọ̀ ẹrù méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi kò tilẹ̀ nílò láti lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé láti etí omi Ìjẹ̀bú níhìn-ín ni wọ́n ti máa ń so gẹdú pọ̀ mọ́ra tẹ́lẹ̀, tí ọkọ̀ ojú omi á sì fà wọ́n gba orí ọ̀sà lọ sí ibi ìlagi Òkò Bàbá ní Èkó. Gẹdú wọ̀nyí ni mo máa ń rí lọ́kàn bí mo bá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe ọkọ̀ orí títì.

Ọdún 1916 ni Ernest Holmes, mẹkáníìkì kan ní ìlú Chattanooga ní Amẹ́ríkà, ṣe ọkọ̀ tó lè gbé ọkọ̀ mìíràn tó ti kó sí wàhálà. Ìrànlọ́wọ́ ló ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń mú ọkọ̀ tí wọ́n gbé síbi tí kò yẹ, àti láti ọ̀dọ̀ wọn, lójú tèmi, ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ ẹnu wa. Nípa bẹ́ẹ̀, “tóò” gba iṣẹ́ “wọ́”, owó ìtanràn sì tẹ̀ lé e, nígbà tí inú rere ṣì wà lára “fà”.

Mo tún ọ̀rọ̀ mi sọ fún Màmá pé awakọ̀ kan ló fi okùn fà mí wálé. Wọ́n sọ ọwọ́ kalẹ̀.

“Hẹn, ó fà ọ́. Ṣé o fún un lómi mu?”