Àkàrà Tó Mọ́ Jù

Nílé wa ní Kúbwà l'Ábùjá, bí mo bá ti dárúkọ àkàrà báyìí, àwọn ọmọ méjèèjì á ti gbé àpótí síwájú síńkì. Àdùkẹ́ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, Àkànní jẹ́ mẹ́rin. Wọ́n ní àwọn ń ràn mí lọ́wọ́. Ẹ má bá wọn jiyàn.

Ní Sátidé kan, ìyá mi wà lọ́dọ̀ wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, ìyàwó mi ò tíì dé láti iṣẹ́ alẹ́, ni mo bá lanu: "Màmá, ẹ jókòó jẹ́ẹ́, èmi ni màá dín àkàrà lónìí." Ẹ̀wà ò jìnnà sí wa níbí, ṣebí láti Òkè Ọya náà ni wọ́n ti ń kó o lọ sílé. Ewé mọ́ínmọ́ín ló ń fojú wa rí màbo.

Mo bó ẹ̀wà, ó ku èèpo díẹ̀. Mo ní kí àwọn ọmọ máa fọ̀ ọ́ kó mọ́ fínnífínní, mo sì lọ dá mẹ̀rúwà tó ń ta omi lóhùn ní géètì. Kò ní ṣéńjì, a fa ọ̀rọ̀ náà títí. Nígbà tí mo padà, ẹ̀wà ti funfun báláú. Ìfófó wà lójú omi, ṣùgbọ́n ẹ̀wà kúkú máa ń yọ ìfófó téèyàn bá ń fọwọ́ ra á. Mo yìn wọ́n gan-an.

Iná wà (ẹ bá mi dúpẹ́). Mo lọ̀ ọ́ pẹ̀lú ata rodo àti àlùbọ́sà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í po ó. Ẹni tó mọ àkàrà mọ̀ pé inú pípò ni gbogbo rẹ̀ wà: bí afẹ́fẹ́ ò bá wọ̀ ọ́, òkúta lẹ máa jẹ. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀wà yìí dìde! Ó ń gun etí abọ́. Mo pe Màmá wá wò ó. Wọ́n ní, "Ọwọ́ ẹ dáa o, ọmọ mi." Orí mi wú.

Bí mo ṣe dà á sí òróró, agbada hó dé ẹnu. Àkàrà wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ afunfèrè. Màmá mú èyí àkọ́kọ́, wọ́n fẹ́ ẹ, wọ́n bù ú jẹ. Ẹnu wọn dúró. Wọ́n wò mí. Wọ́n dìde lọ sójú fèrèsé, wọ́n tu ú dànù.

"Ṣé lọ́fínńdà lẹ fi ń dín àkàrà l'Ábùjá ni?"

Mo wo ẹ̀gbẹ́ síńkì: ọ̀rá ọṣẹ ìfọṣọ rèé, ó ti já sí ìdajì. Àkànní nawọ́ sókè bíi pé ó wà ní kíláàsì. "Dádì, èmi ni mo bu ọṣẹ sí i. Ẹ ní kó mọ́."

Àdùkẹ́ ní, "Mo fẹ́ ṣàn án, omi ló tán."

Omi tán! Mẹ̀rúwà ṣì ń wá ṣéńjì kiri.

Màmá rẹ́rìn-ín títí gèlè fi bọ́ lórí wọn. Mo da gbogbo ẹ̀ nù, àti òróró olówó iyebíye, mo lọ ra kósáì, ìyẹn àkàrà, lọ́wọ́ ìyá Háúsá tó wà ní oríta. Àkànní gba ọ̀kan, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó gbé e sí imú.

"Dádì, wọn ò fọ eléyìí."