Mo Máa Ń Ka Àwo Jáàsì Kí N Tó Gbọ́ Ọ

Lóru àná, ilé ti dákẹ́, mo fa àwo kan yọ nínú páálí ẹ̀, àmọ́ mi ò tíì gbé e sórí ẹ̀rọ. Mo kọ́kọ́ gbé e sábẹ́ iná, mo fì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀ kí iná lè gba ojú ẹ̀ kọjá, mo wá ń wo ibi dúdú tó ń dán yẹn, ibi tí orin parí sí kó tó kan lébẹ́ẹ̀lì tó wà láàárín. Orin kankan ò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni àwọn tó ṣe àwo máa ń ha nọ́ńbà àti àmì sí, ibẹ̀ náà ni mo ti rí lẹ́tà mẹ́ta tí wọ́n tẹ̀ wọnú ẹ̀, RVG, mo tún rí àmì kékeré kan tó dà bíi lẹ́tà P tí wọ́n fọwọ́ kọ, tí àwa tá a ń kó àwo jọ ń pè ní etí torí ó jọ etí èèyàn lóòótọ́. Ọkàn mi balẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó gbá eruku ojú ẹ̀ kúrò, tí mo wá gbé abẹ́rẹ́ lé e.

Mi ò mọ nǹkan kan nípa etí yìí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Àdánù ló kọ́ mi. Mo ra Blue Train ti John Coltrane, ọ̀gá nínú fífọn sasofóònù, lọ́wọ́ ẹnì kan tó fi dá mi lójú pé àkọ́tẹ̀ ni, ìyẹn pé ó wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ jáde lẹ́yìn tí wọ́n gba orin náà sílẹ̀ ní 1957. Páálí ẹ̀ ti gbó, igun ẹ̀ ti ṣá, mo ní ah, ohun àtijọ́ rèé. Ó ju oṣù mẹ́fà lọ kí n tó jókòó ka lébẹ́ẹ̀lì ẹ̀ dáadáa, ni mo bá rí i tí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé abẹ́ Liberty Records ni Blue Note, ilé iṣẹ́ tó gbé àwo náà jáde, wà. Liberty ò tíì ra Blue Note ní 1957, ó tó bí ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn ìgbà náà kí wọ́n tó tà á fún wọn! Mo yí àwo náà títí, mi ò rí etí kankan. Ó dùn mí gan-an, kì í ṣe torí owó nìkan, torí pé gbogbo ẹ̀rí ló wà lójú mi láti ọjọ́ tí mo ti rà á, mi ò kàn kà á ni. Àwo yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi o, orin inú ẹ̀ dùn, RVG gan-an wà lára ẹ̀, torí irin tí wọ́n fi tẹ ti àtijọ́ náà ni wọ́n fi tẹ òun náà. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn, kíkà ni mo fi máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó sì ń wù mí níbẹ̀ ni pé àmì kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ èèyàn kan ló wà nídìí ẹ̀. Alfred Lion àti Max Margulis ló dá Blue Note sílẹ̀ ní New York ní 1939, kò sì pẹ́ tí Francis Wolff, ọ̀rẹ́ Lion láti kékeré, fi sá kúrò ní Berlin lábẹ́ ìjọba Násì wá bá a. Wolff ló ń ya fọ́tò nígbà tí àwọn olórin bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, àwọn fọ́tò tó ṣókùnkùn yẹn tí èéfín sìgá ń rú tí òógùn ń dán lójú olórin. Láti 1956 ni Reid Miles, ẹni tó ń ṣe ojú páálí àwo, ti ń gba fọ́tò yẹn, á gé e, á kun ún láró tàbí láwọ̀ pupa, á tò lẹ́tà sí i bíi pé lẹ́tà yẹn gan-an ń jó. Ẹ sì wò ó, orin kílásíkà ni ọkùnrin yìí fẹ́ràn, jáàsì ò fi bẹ́ẹ̀ jẹ ẹ́ lógún, síbẹ̀ ẹni tó bá rí iṣẹ́ ẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ lè gbọ́ orin inú ẹ̀ kó tó ṣí i.

RVG ní tiẹ̀ ni Rudy Van Gelder. Iṣẹ́ àyẹ̀wò ojú ló ń ṣe lójoojúmọ́, orin ló ń gbà sílẹ̀ nígbà tó bá ráyè, nínú pálọ̀ àwọn òbí ẹ̀ ní Hackensack, New Jersey. Pálọ̀! Inú ẹ̀ ni àwọn olórin jáàsì bíi Thelonious Monk, Miles Davis, Sonny Rollins àti Art Blakey ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ tá a ń pa ara wa lé lórí lónìí. Ní 1959 ló kó lọ sí stúdíò tó kọ́ fúnra ẹ̀ ní Englewood Cliffs, ibẹ̀ ni Coltrane ti ṣe A Love Supreme ní oṣù kejìlá 1964. Òun fúnra ẹ̀ ló máa ń gé ìlà orin sára àwo ìpìlẹ̀ tí wọ́n máa fi tẹ àwọn yòókù, ìdí nìyẹn tó fi ń fi orúkọ ẹ̀ síbẹ̀. Tí ẹ bá rí RVG, ẹni tó gba orin yẹn sílẹ̀ náà ló gé e, kò sí alárinà.

Etí yẹn ńkọ́? Àmì Plastylite ni, ilé iṣẹ́ tó ń bá Blue Note tẹ àwo títí di 1966. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ sáà wo àdírẹ́sì tó wà lórí lébẹ́ẹ̀lì, pé Lexington Avenue ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà 47 West 63rd, kó tó wá di New York USA lásán. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ má gbára lé e nìkan. Lébẹ́ẹ̀lì tó ṣẹ́kù, wọn ò dà á nù, wọ́n lò ó tán ni, nígbà tí Liberty ti gba ilé iṣẹ́ náà tán wọ́n ṣì ń lẹ lébẹ́ẹ̀lì New York USA tí wọ́n bá nílẹ̀ mọ́ àwo tuntun. Lébẹ́ẹ̀lì lè sọ ohun kan kí ara àwo sọ òmíràn. Ara àwo ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́. Bẹ́ẹ̀ etí náà ò ní kó jẹ́ àkọ́tẹ̀ dandan, ó kàn ń sọ fún yín pé kò kọjá ìgbà Plastylite ni.

Mi ò sí lára àwọn tó gbà pé àkọ́tẹ̀ ló máa ń dáa jù nígbà gbogbo o. Ẹ wo Kind of Blue ti Miles Davis. Ọjọ́ méjì péré ni wọ́n fi gbà á sílẹ̀, ọjọ́ 2 oṣù kẹta àti ọjọ́ 22 oṣù kẹrin 1959, ní stúdíò Columbia ní 30th Street, ní New York, ilé tó ti jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ẹ̀rọ téèpù tí wọ́n fi gba orin ń falẹ̀ díẹ̀, ẹnikẹ́ni ò fura. Nígbà tí wọ́n wá gbé téèpù yẹn sórí ẹ̀rọ tó ń yí bó ṣe yẹ, orin mẹ́ta tó wà lójú kìíní àwo náà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ohùn wọn sì ròkè ju bí Miles àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe fọn ọ́n lọ. Díẹ̀ báyìí ni, àmọ́ ẹni tó bá jókòó ti píánò tó fẹ́ máa tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ lé wọn á mọ̀ pé nǹkan kan ò bára mu. Ó di 1992 kí wọ́n tó tún un ṣe, láti ara téèpù kejì tí wọ́n gbà pa mọ́ lọ́jọ́ náà. Ọdún 33 gbáko! Orúkọ Cannonball Adderley tó fọn sasofóònù níbẹ̀ gan-an, Adderly ni wọ́n kọ sára páálí àkọ́tẹ̀. Nítorí náà tí mo bá fẹ́ gbọ́ bí ọwọ́ Bill Evans ṣe balẹ̀ lórí píánò yẹn gan-an, àtúntẹ̀ tí wọ́n ti tún ṣe ni mo máa ń gbé sórí ẹ̀rọ, kò sí ẹni tó máa fìyẹn bá mi jà.

Kó tó di 1948 tí Columbia gbé àwo elépìì jáde, àwo 78 ló wà, tó ń yí nígbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, kì í sábà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ lójú kan, ẹni tó ń fọn sasofóònù ò tíì sọ nǹkan tó fẹ́ sọ tán tí àwo á ti parí. Elépìì wá ń yí lọ́ra, ìlà ẹ̀ tín-ín-rín, ó lè gba ogún ìṣẹ́jú àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú kan. Bẹ́ẹ̀ ìlà kan ṣoṣo ló wà lójú kọ̀ọ̀kan o, láti etí wọ inú, ó kàn ń ká ni. Létí àwo, ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ ń rìn ní yíyí kan gùn, nígbà tó bá sún mọ́ lébẹ́ẹ̀lì ọ̀nà ti kúrú, orin á fún pọ̀ mọ́ra wọn, ìdí nìyẹn tí orin tó kẹ́yìn lójú àwo fi máa ń yára há tí abẹ́rẹ́ ò bá dáa. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ tó ti jẹ ṣeré, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó lè ba àwo jẹ́, kò ní ṣeé tún ṣe. Ìtọ́jú tó kù ò le: ẹ to àwo lóòró bí ìwé, ẹ má tò ó lé ara wọn, ẹ gbé e jìnnà sí oòrùn, ẹ di etí ẹ̀ mú, ẹ má fọwọ́ kan ojú ẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ n padà sórí àwo àná. Art Blakey onílù ló ṣe é, The African Beat ni, Van Gelder gbà á sílẹ̀ ní oṣù kìíní 1962. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rà á, mo ṣe bí mo ṣe máa ń ṣe, mo ka ara ẹ̀, mo rí etí, mo rí RVG, mo wá bọ́ sórí lébẹ́ẹ̀lì, mò ń ka orúkọ àwọn orin, ojú mi dúró. Ife L'ayo. Mo tún un kà. Wọn ò fi àmì kankan sí i, àmọ́ Yorùbá ni! Ìfẹ́ l'áyọ̀, lórí lébẹ́ẹ̀lì Blue Note, láàárín aró àti funfun yẹn. Solomon Ilori ló ni ín, onílù ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Amẹ́ríkà, ohùn ẹ̀ ló ṣí àwo náà pẹ̀lú àdúrà kí ìlù tó wọlé, Yusef Lateef sì wà níbẹ̀, Curtis Fuller wà níbẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Blue Note fún Ilori ní àwo tiẹ̀, African High Life.

Ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá irú orúkọ Yorùbá bẹ́ẹ̀ kiri lára àwo jáàsì. Babatunde Olatunji, onílù ọmọ Nàìjíríà míì, gbé Drums of Passion jáde ní Columbia ní 1960, lọ́dún yẹn kan náà ó wà nínú iṣẹ́ tí Max Roach onílù ṣe lórí òmìnira, níbi tí Abbey Lincoln akọrin ti ń pe orúkọ àwọn ẹ̀yà Áfíríkà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan tí Olatunji ń dá a lóhùn. Coltrane fi orúkọ Tunji sọrí orin ní 1962, ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin 1967 ó lọ fọn sasofóònù ní ilé àṣà tí Olatunji dá sílẹ̀ ní Harlem, kò pé oṣù mẹ́ta sígbà yẹn tó kú. Gbogbo ìgbà tí mo bá ka orúkọ wọ̀nyí lára páálí, ara mi máa ń bù máṣọ.

Èyí tó wà lọ́wọ́ mi yìí, ẹnì kan ti ní i rí kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Mi ò mọ ẹni náà, àmọ́ tí mo bá fi àwo náà síwájú iná, ojú ẹ̀ ń dán dúdú láti ibi tí orin dé ìdajì títí dé lébẹ́ẹ̀lì, etí ibẹ̀rẹ̀ nìkan ló ti ṣì, tó ti di eléérú, níbi tí àdúrà Ilori wà gan-an. Ibẹ̀ ló ń dá abẹ́rẹ́ padà sí. Lóru àná, nígbà tí àdúrà yẹn parí tí ìlù fẹ́ wọlé, mo gbé abẹ́rẹ́ sókè, mo dá a padà síbẹ̀ bíi tiẹ̀.