Ta Ni Yóò Máa Ṣọ́ Màmá Lóru?

Ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìlú Ọba, ọ̀gá mi, ọmọ tí mo lè bí, bá mi wí lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nítorí pé mo bá bàbá kan de bọ́tìnnì ẹ̀wù wọn. Ó ní bí ó bá tilẹ̀ gbà wọ́n ní ogún ìṣẹ́jú, kí n jẹ́ kí wọ́n dè é fúnra wọn, nítorí pé ohun tí a bá ti gbà ṣe fún arúgbó kì í pẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Òṣogbo, àdúrà ni àwọn bàbá ì bá rọ̀jò rẹ̀ lé mi lórí. Ìwé ìkìlọ̀ ni mo gbà níhìn-ín.

Ìbáwí náà ṣì ń ta mí lára nígbà tí àwa ọmọ Màmá ṣe ìpàdé lórí fóònù nípa ìtọ́jú wọn ní ilé wa ní Òkè-Baálẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí a gba ọmọ ọ̀dọ̀ kan, ọ̀rọ̀ bùṣe. Àǹtí mi ní kí a gbé wọn wá sọ́dọ̀ àwọn ní Èkó, ní àjà kẹta, bí ẹni pé Màmá kò ní orúnkún. Nígbà tí mo dárúkọ ilé ìtọ́jú àwọn àgbà, ẹ̀gbọ́n mi bi mí bóyá Màmá kò bímọ ni. Mo ní wọ́n bí márùn-ún, kò sì sí ẹyọ kan nínú wa tó ń sùn sí ilé wọn.

Kò sí ẹni tó bèèrè ohun tí Màmá ṣì lè ṣe. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀: òfin ọdún 2014 pàṣẹ pé kí ìjọba ìbílẹ̀ yẹ ẹni tó bá jọ pé ó nílò ìtọ́jú wò lọ́fẹ̀ẹ́, kí a tó mọ̀ bóyá olùtọ́jú tó ń wá sílé ti tó, tàbí ilé ìtọ́jú, tàbí èyí tí nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀ tọ̀sán tòru. Mo fi ìlànà tí Sidney Katz, dókítà ará Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 1963 láti fi mọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ tí àgbà ṣì lè dá ṣe wo Màmá: ìwẹ̀, aṣọ wíwọ̀, lílo ilé ìgbọ̀nsẹ̀, dídìde lórí ibùsùn, kíkó ìtọ̀ àti ìgbẹ́ níjàánu, oúnjẹ jíjẹ. Ìwẹ̀ nìkan ló kù díẹ̀ káàtó, nítorí ilẹ̀ balùwẹ̀ tó ń yọ̀. Inú ẹ̀gbọ́n mi dùn bí ẹni tó jáwé olúborí.

Ṣùgbọ́n ìlànà yẹn kò bèèrè nípa òru. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru, ọmọbìnrin ayálégbé wa bá Màmá níbi tí wọ́n ti ń ṣí géètì. Wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti wé gèlè, wọ́n fi kóńgò gàrí há abíyá, wọ́n ní àwọn ń lọ sí Ọjà Ọba kí àwọn ará oko tó dé. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fi ọjà sílẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà dá wọn dúró, orúkọ mi ni wọ́n fi pè é, wọ́n sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má jẹ̀ẹ́ kí àwọn pẹ́.

Ọmọ ọ̀dọ̀ tó ti gbálẹ̀ láti àárọ̀ kò lè jí ṣọ́ géètì mọ́jú. Ẹni méjì ni mo ní kí a gbà, ọ̀kan fún ọ̀sán, àgbàlagbà obìnrin kan fún òru. Kí a kan irin ìdìmú mọ́ ògiri balùwẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì gba ọmọrogùn lọ́wọ́ Màmá. Mo ní kí dókítà kọ́kọ́ yẹ̀ wọ́n wò, nítorí pé àrùn ojú ilé ìtọ̀ lásán a máa da orí àgbà rú, tí a ó sì máa sọ pé ọjọ́ ogbó ni. Bí wọ́n bá wá ń ṣubú, ọ̀rọ̀ ilé ìtọ́jú yóò tún jẹyọ, ẹ̀gbọ́n mi ìbáà bínú.

Wọ́n ti gbà láti sanwó ẹni ọ̀sán. Ẹni òru, tí owó rẹ̀ pọ̀ jù, ni wọ́n fi lé èmi olówó pọ́n-ùn lọ́wọ́, mo sì ti forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ òru níbí kí n lè rí i san.