Orí Màmá gbàwé, ojú ni ò jẹ́

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé báyìí ni. Ohùn mi ti há nítorí ìwé tí mo kà sókè fáwọn ọmọdé láàárọ̀, ẹsẹ̀ sì ń dùn mí, àmọ́ mi ò fẹ́ sùn láìkọ ti òní sílẹ̀, torí tílẹ̀ bá fi mọ́ màá ti gbàgbé èyí tó dùn jù níbẹ̀.

Òní ni Satidé ìwé kíkà ẹgbẹ́ wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ ti mọ̀ pé ẹgbẹ́ aṣèrànwọ́ ni mò ń bá ṣe, irú ẹgbẹ́ tó dà bíi Rotary tàbí Lions yẹn, káwọn tó níṣẹ́ lọ́wọ́ máa pàdé lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, kí wọ́n dáwó, kí wọ́n sì jáde lọ fọwọ́ ara wọn ṣe nǹkan fáwọn ará àdúgbò. A ò pọ̀ rárá, ọjọ́ tá a bá pọ̀ jù a ò ju 22 lọ. Oṣù tó kọjá a kó pàǹtírí inú gọ́tà, lẹ́yìn ẹ̀ a pe àwọn èèyàn wá fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fáwọn aláìsàn, a gbin igi díẹ̀ síwájú ilé ìwé kan, gbogbo ìyẹn dáa, mo sì máa ń lọ. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá bi mí èwo ló wà lọ́kàn mi jù, ti ìwé kíkà ni o.

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ẹgbẹ́ máa ń rò pé iṣẹ́ ńlá ńlá nìkan ló yẹ ká máa ṣe. Ìtàn Rotary ni mo máa ń sọ fún wọn. Ọjọ́ 23 oṣù kejì ọdún 1905 ni Paul Harris, tó jẹ́ lọ́yà, pàdé pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ mẹ́ta ní Chicago, tí wọ́n bá ṣe mítìn ní ọ́fíìsì ẹnì kan lónìí wọ́n á ṣe é ní ti ẹlòmíì nígbà tó bá tún yí, ibẹ̀ lorúkọ Rotary ti jáde, pé ó ń yí kiri. Ṣé ẹ sì mọ ọ̀kan nínú iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dáwọ́ lé? Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún gbogbo èèyàn láàárín ìlú. Ọdún 1907 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jà fún un. Ìtàn yẹn máa ń wú mi lórí gan-an, torí ẹni tó bá ti wá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kiri láàárín ìgboro rí tí kò rí, ó mọ̀ pé iṣẹ́ kékeré kọ́ nìyẹn.

Àwa náà ti ṣe èyí tí kò yọrí sí nǹkan kan rí. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, a dáwó, a ra ìwé kátọ́ọ̀nù mẹ́fà, a kó o lọ sílé ìwé kan, gbogbo wa wọ aṣọ ẹgbẹ́, a ya fọ́tò, a lọ sílé. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan mo yà síbẹ̀ nítorí nǹkan míì, mo sì rí kátọ́ọ̀nù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, sẹ̀lótéèpù tá a fi lẹ̀ wọ́n ṣì wà lára wọn bó ṣe wà. Inú kọ́kọ́ bí mi. Àmọ́ nígbà tí tísà ibẹ̀ ṣàlàyé fún mi, mo rí i pé àṣìṣe tiwa ni. Wọ́n ní ẹ̀rù ń ba àwọn káwọn ọmọ má lọ fa ìwé ya kí ẹgbẹ́ wá padà wá bèèrè. A ò sọ fún wọn pé ìwé tó bá ya nítorí pé ọmọ ń kà á, inú wa á dùn sí i ni. A ò sì bèèrè nǹkan kan ká tó rà á, èdè tó wà nínú èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ kì í ṣe èdè táwọn ọmọ yẹn ń sọ nílé, wọ́n á máa bá lẹ́tà jà, ọ̀rọ̀ náà á tún máa ṣàjèjì sí wọn. Ọmọ tó ń bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà, èdè tó gbọ́ ló yẹ kó fi bẹ̀rẹ̀, torí tó bá ti pe ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu, etí ẹ̀ á sọ fún un bóyá ó gbà á àbí kò gbà á.

Látìgbà yẹn la ti yí i padà. A ṣì ń ra ìwé o, ṣùgbọ́n wákàtí la wá ń fi sílẹ̀ báyìí. Ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú wa mú akẹ́kọ̀ọ́ tiẹ̀, wákàtí kan, ọjọ́ kan náà lọ́sẹ̀, òjò ni o, ẹ̀ẹ̀rùn ni o. Àwa kọ́ la dá ọgbọ́n yẹn. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Frank Laubach ń ṣètò mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà láàárín ẹ̀yà kan tí wọ́n ń pè ní Maranao ní Philippines láyé ọjọ́un, ìgbà tí ọrọ̀ ajé ayé dẹnu kọlẹ̀ láàárín ọdún 1930 síwájú, owó tí wọ́n fi ń san àwọn tísà tán, olóyè kan níbẹ̀ ló wá sọ pé kẹ́ni tó bá ti mọ̀ ọ́n kọ́ ẹlòmíì, bí "ẹnì kan kọ́ ẹnì kan" ṣe dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè nìyẹn. Nígbà tí mo ka ìyẹn, mo ní ọ̀rọ̀ wa rèé, owó ò tó wa, èèyàn la ní.

Àwọn ọmọdé la fi bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ òní. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀, kò lè ju ọmọ ọdún 6 lọ, ìwé kan náà tó ní àwòrán ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé wá fún mi láti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sẹ́yìn. Lónìí ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó ní òun lòun máa kà á fún mi. Ó kà á látìbẹ̀rẹ̀ dópin, bẹ́ẹ̀ kò tíì mọ lẹ́tà mẹ́wàá, orí ló há a sí, ṣùgbọ́n ó mọ ìgbà tó yẹ kó ṣí ojú ewé, ìka ẹ̀ sì ń rìn lábẹ́ ọ̀rọ̀ láti apá òsì lọ sí ọ̀tún bó ṣe máa ń rí i tí mò ń ṣe. Sẹ́kítíríì wa dúró lẹ́yìn mi, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣebí kò ka nǹkan kan. Mo dá wọn lóhùn pé, ẹ̀gbọ́n, ó ń kàwé, ibi tí ìwé kíkà ti ń bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn. Nígbà tó dé ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn, ó dúró, ó tẹ ojú mọ́ lẹ́tà àkọ́kọ́, ó pè é, ó wá wò mí lójú. Lẹ́tà kan ṣoṣo yẹn, kì í ṣe orí ló há a sí, ó kà á ni.

Ọ̀sán ni ti àwọn àgbà. Mẹ́sàn-án ni wọ́n nínú kíláàsì mi, obìnrin ni méje nínú wọn, kò sì yà mí lẹ́nu, torí nínú àwọn àgbàlagbà tí kò mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà láyé, tí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́, ní wọ́n lé ní mílíọ̀nù 700, obìnrin fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá méjì nínú mẹ́ta. Tẹ́lẹ̀, ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án nìkan la máa ń rántí wọn, ọjọ́ mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà àgbáyé tí UNESCO yà sọ́tọ̀ lọ́dún 1966, a óò gbé bánà jáde, ọ̀rọ̀ á pọ̀, tó bá di ọjọ́ 9 ó ti parí.

Màmá kan wà nínú wọn tí wọ́n yá ju gbogbo kíláàsì lọ tá a bá ń kọ nǹkan sójú bọ́ọ̀dù. Tí mo bá kọ ọ̀rọ̀ gàdàgbà síbẹ̀, wọ́n á ti pè é káwọn yòókù tó yanu. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ gbé ìwé pélébé lé wọn lọ́wọ́, wọ́n á wò ó, wọ́n á tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á ní "Ọmọ mi, orí mi ò gbàwé mọ́, jẹ́ kí n máa gbọ́ tiyín." Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọn ò tiẹ̀ wá mọ́. Mo lọ bẹ̀ wọ́n nílé, wọ́n ní àwọn ti dàgbà jù. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà bẹ́ẹ̀, ó sì ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ eléyìí pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà.

Ẹ̀gbọ́n kan nínú ẹgbẹ́ wa, nọ́ọ̀sì ojú ni wọ́n, àwọn ló ní ká máa yẹ ojú wò ká tó máa sọ pé ẹnì kan ò mọ̀wé. Àríyànjiyàn wáyé ní mítìn o. Àwọn kan fẹ́ ká fi owó tá a dá ṣe bánà ńlá àti aṣọ tuntun, àwọn kan ní kí ló kan ojú kan ìwé. Ẹ̀gbọ́n wá rán wa létí Helen Keller, obìnrin tí kò ríran tí kò gbọ́ràn tó sì kàwé gboyè, tó lọ bá ẹgbẹ́ Lions ní ìpàdé wọn ní Ohio lọ́dún 1925, tó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dúró ti àwọn afọ́jú, látìgbà yẹn ọ̀rọ̀ ojú ò kúrò lọ́wọ́ Lions mọ́. Wọ́n ní ìwé wo la fẹ́ fún ẹni tí kò rí lẹ́tà? A dìbò, jígí ojú tí wọ́n fi ń kàwé ló wọlé. Inú mi dùn sí ìbò yẹn ju gbogbo èyí tá a ti dì lọ.

Ẹ̀gbọ́n nọ́ọ̀sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ojú yìí fún wa lónìí. Nínú ẹyinjú, nǹkan kan wà bíi dígí kékeré tó rọ̀, tó máa ń yí ara padà kéèyàn lè rí ohun tó sún mọ́ ọn, téèyàn bá ti tó bí ọdún 40, á bẹ̀rẹ̀ sí í le, ohun tó jìnnà lè mọ́lẹ̀ kedere o, àmọ́ èyí tó wà lọ́wọ́ á máa ṣú. Kò sẹ́ni tó ń bọ́ nínú ẹ̀, ọ̀mọ̀wé ni o, àgbẹ̀ ni o. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń kàwé látilẹ̀ á mọ̀ pé ojú òun ló ń yí padà, á lọ ra jígí. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé lọ́mọ ọdún 60, orí ara ẹ̀ ló máa dá lẹ́bi. Ìyẹn ló gún mi lọ́kàn. Tàwọn ọmọdé yàtọ̀, a ò kàn lè gbé jígí fún ọmọdé bẹ́ẹ̀, èyí tí kò bá rí bọ́ọ̀dù, dókítà ojú ló gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, a ti kọ orúkọ méjì sílẹ̀ láti mú lọ.

Nígbà tó kan Màmá, wọ́n gbé káádì kékeré tí wọ́n kọ lẹ́tà sí fún wọn, Màmá na ọwọ́ jìnnà réré, wọ́n gbé orí sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n nọ́ọ̀sì wò mí, èmi náà wò wọ́n. Wọ́n dán jígí tí agbára ẹ̀ jẹ́ +1.50 wò, wọ́n dán +2.00 wò, +2.50 ló bá wọn mu. Màmá ò sọ̀rọ̀. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n kọ́kọ́ wò, wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n ní "Ṣé bí ọwọ́ mi ṣe hun jọ tó rèé?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àwọn náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n fa ìwé pélébé tí wọ́n ti ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ra, wọ́n fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, wọ́n kà á, wọ́n ka èkejì, wọ́n ka ìlà kan tán, mi ò ràn wọ́n lọ́wọ́, mi ò tiẹ̀ lè sọ̀rọ̀ torí nǹkan ti há mi lọ́fun.

Wọ́n wá ṣí báàgì wọn, wọ́n yọ káádì ọsibítù tí wọ́n ti ń gbé kiri láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọ̀ ẹ̀ àti igun kan tó ti já lára ẹ̀ ni wọ́n fi ń dá a mọ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ka orúkọ ara wọn, wọ́n tún un kà, ojú wọn wá le díẹ̀.

"Ọmọ mi, wá wo nǹkan. Ṣé orúkọ mi rèé? Lẹ́tà kan ò sí níbẹ̀."

Mo wò ó. Lóòótọ́ ni, lẹ́tà kan ti fò. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń gbé káádì yẹn, kò sẹ́ni tó rí i.

Wọ́n ní kí n yá àwọn ní pẹ́ńsù.