Èéfín ṣe mí léṣe lónìí

Ẹ gbà mí o. Àárọ̀ yìí ni èmi àti bọ̀ọ̀dá mi lọ dẹ òkété lóko wa l'Ìkọ̀lé, ajá wa ló ṣíwájú, ajá rírù kan báyìí ni àmọ́ imú ẹ̀, ẹ má wulẹ̀ sọ. Ìdí ọ̀pẹ kan ló dúró sí tó ń fẹsẹ̀ walẹ̀. Bọ̀ọ̀dá ní kí n má tíì dáná, kí n kọ́kọ́ wá ẹnu ihò yòókù torí òkété kì í ní ọ̀nà kan ṣoṣo. Mo rí mẹ́ta. A fi òkúta dí ọ̀kan, a dẹ àwọ̀n sí ìkejì, a wá ki imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ bọ ìkẹta, a ṣáná sí i. Mo ń fẹ́ná lọ ni èéfín bá kọjú sí mi, mo ń wúkọ́, omi ń dà lójú mi, ibi tí mo ti ń nujú ni òkété ti gba ihò kẹrin tí n ò rí jáde, fììrì! Ajá gbá tẹ̀lé e, ó mú un nídìí kòkó. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ ṣì kún fún èkùrọ́ o, ọ̀kánjúwà ẹran. Bọ̀ọ̀dá ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn wò mí. Ìgbà tá a délé ni wọ́n sọ fún màámi pé ajá ni kí wọ́n fún lórí òkété, kì í ṣe èmi.